Ìbú ni àbí Òòró? Ìtàn Reshape láti Ayé Fortran

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe kan tí kò jọ àṣìṣe rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá àrùn mọ̀ lára ewé ẹ̀gẹ́. Fọ́tò wà, ó sì pọ̀. Kóòdù mi ń ṣiṣẹ́, kò sí ìkìlọ̀ kankan, ẹ̀rọ ń gbóná lóru bí ẹni pé nǹkan gidi ló ń ṣe. Àmọ́ tí èsì bá jáde, kò sàn ju ti ẹni tó kàn ń méfò lọ. Mo yí èyí, mo yí tọ̀hún, pàbó.

Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wá dúró sẹ́yìn mi. Ó ní, "Ṣé o ti wo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wò?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò ewé náà ni, mo ti wò wọ́n." Ó ní, "Mi ò sọ èyí tó wà nínú fódà. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń sọ." Mo bá ní kí kọ̀ǹpútà gbé ọ̀kan jáde fún mi bó ṣe gbà á. Háà! Ewé ti lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ojú kọ̀ǹpútà bí òwú orí òfì. Òkè fọ́tò ti di pupa, àárín rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di búlúù, gbogbo wọn wá gun ara wọn lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Sọ́fítíwíà tó ń ṣí fọ́tò máa ń to nọ́ńbà rẹ̀ báyìí: gíga, fífẹ̀, àwọ̀. Èyí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kí àwọ̀ ṣáájú: àwọ̀, gíga, fífẹ̀. Ó yẹ kí n yí àwọn ìhà yẹn sí ipò tuntun, ìyẹn transpose. Reshape ni mo kọ. Iye nọ́ńbà tó wọlé àti iye tó jáde dọ́gba, kọ̀ǹpútà ò sì bá mi jiyàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpinpin ọ̀rọ̀ reshape yìí: ta ló kọ́kọ́ ní ká máa ṣe é, ta ló sì pinnu ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí?

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká lo ẹyin. Kíréètì ẹyin kan máa ń gba ọgbọ̀n: ìlà 5, ẹyin 6 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tó ní ìbú tó sì ní òòró, ni matrix. Ẹ wá to kíréètì 4 léra wọn. Ó ti kúrò ní matrix, ó ti di array oníhà mẹ́ta: 4 × 5 × 6, ẹyin 120. Tí ìyá ẹlẹ́yin bá ní kí ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ sórí tábìlì kan, ẹ lè tẹ́ ẹ ní ìlà 20, ẹyin 6 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè tẹ́ ẹ ní ìlà 5, ẹyin 24. Ẹyin 120 náà ni. Àmọ́ ẹyin wo ló máa jókòó ti ẹyin wo? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, torí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò ní tábìlì, kò sì ní kíréètì. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ dà bí àdúgbò kan tó gùn lọ gbọọrọ: ojúlé 1, ojúlé 2, ojúlé 3, títí lọ. Gbogbo ohun tí à ń pè ní ìbú, òòró àti ìpele, àdéhùn ni. Àwa èèyàn la fi lé e lórí.

(Ọpọ́n ayò náà ní àdéhùn tiẹ̀. Ilé 12 ni, 6 lọ́dọ̀ mi, 6 lọ́dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n tí ọmọ ayò bá dé òpin ìlà, kì í fò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Ńṣe ló ń yí po. Kò sí èdè kọ̀ǹpútà kankan tí mo mọ̀ tó ń ka array bẹ́ẹ̀.)

Àdéhùn tó kọ́kọ́ gbilẹ̀ wá láti ọwọ́ John Backus àti ikọ̀ rẹ̀ ní IBM. Ọdún 1957 ni wọ́n gbé Fortran jáde fún ẹ̀rọ IBM 704. Fortran àkọ́kọ́ yẹn gbà kí array ní ìhà kan, méjì tàbí mẹ́ta, ó parí. IBM 704 náà ní index register mẹ́ta, ìyẹn àyè kékeré inú ẹ̀rọ tó ń bá a ṣírò ojúlé tó kàn. Tó bá kan títo nọ́ńbà sínú mẹ́mọ́rì, òòró ni Fortran ń gbà. Ẹ da 1 dé 6 sínú matrix tó ní ìlà 2 tó sì ní òòró 3, á sọ̀kalẹ̀ ná kó tó sún sí ẹ̀gbẹ́:

1 3 5
2 4 6

Mi ò ní bá wọn jà. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò matrix sábà máa ń wo òòró kọ̀ọ̀kan bí odidi nǹkan kan. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn o, ó ṣì ń bọ̀ wá bá wa.

Ẹni tó sọ reshape di ọ̀rọ̀ kan pàtó, tí ó ní àmì tirẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni. Kenneth Iverson ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní oṣù Kejìlá ọdún 1920 nítòsí Camrose, ní Alberta, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Lẹ́yìn kíláàsì kẹsàn-án ló fi ilé ìwé sílẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ nínú oko ilé wọn. Ogun Àgbáyé Kejì ló mú un kúrò níbẹ̀. Ó wọṣẹ́ ológun, ẹnu iṣẹ́ yẹn ló sì wà tó ń fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà parí ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìwé girama rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ó lọ sí Yunifásítì Queen's, ó kọjá sí Harvard, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1954, lábẹ́ Howard Aiken tó ṣe ẹ̀rọ Mark I. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kan ètò ọrọ̀ ajé ti Wassily Leontief, tí í ṣe tábìlì ńlá tó ń fi ohun tí ilé iṣẹ́ kan ń rà lọ́wọ́ òmíràn hàn. Ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń bá matrix gbé.

Ní Harvard, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Ó fẹ́ fi bí ẹ̀rọ ṣe ń to dátà, bó ṣe ń yà á sọ́tọ̀, bó ṣe ń ṣírò rẹ̀, hàn àwọn ọmọ ìwé lójú pátákó, àmì ìṣirò tó wà nílẹ̀ kò tó o lò. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ní 1960 ó bọ́ sí IBM, ní 1962 ó tẹ ìwé kan jáde tó pè ní A Programming Language. Orúkọ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: "Èdè Ìṣètò Kan", bí ẹni sọ ọmọ rẹ̀ ní Ọmọ. Àmọ́ ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí ìwé náà jáde, kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn ló kọ ọ́ fún. Ní 1964 òun, Adin Falkoff àti Edward Sussenguth fi àmì náà ṣàlàyé ẹ̀rọ System/360 tí IBM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jáde, láti orí dé ẹsẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Larry Breed àti Philip Abrams jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí IBM 7090. Ní 1966, APL\360 dé, iṣẹ́ ọwọ́ Breed, Dick Lathwell àti Roger Moore. Àmì rẹ̀ kò bá tàípúráítà ẹnikẹ́ni mu, torí náà wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù kékeré tó ń tẹ lẹ́tà, irú èyí tí Selectric ń lò, ní ti APL nìkan.

Lára àwọn àmì yẹn ni lẹ́tà Gíríìkì kan wà, ⍴. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Tó bá dá wà níwájú array, bíi ⍴A, ìbéèrè ló ń bi í: kí ni ìrísí rẹ? Tí nọ́ńbà bá wà lápá òsì rẹ̀, àṣẹ ló ń pa: gbé ìrísí yìí wọ̀. Ẹ kọ 2 3⍴⍳6, ẹ máa rí:

1 2 3
4 5 6

Ẹ wò ó dáadáa. Nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ni pẹ̀lú ti Fortran, ìrísí kan náà, àmọ́ kò jọra. Ìbú ni APL ń gbà, bí a ṣe ń ka ìwé láti òsì sí ọ̀tún kí a tó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. APL kò sì dá yín dúró sí ìhà mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ márùn-ún, ẹ to nọ́ńbà márùn-ún sápá òsì ⍴.

Ìwà kan tún wà lára ⍴ tí mo fẹ́ràn tí mo sì bẹ̀rù. Kì í kọ ohunkóhun. Bí dátà kò bá tó, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ á tún un lò: 2 3⍴0 1 á fún yín ní 0 1 0 lókè, 1 0 1 nísàlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á já èyí tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ọ̀làwọ́ ni. Ẹni tó ń ro nǹkan jáde níwájú pátákó fẹ́ ọ̀làwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi fọ́tò kọ́ ẹ̀rọ lóru, hmm.

Ní 1966 kan náà, níbòmíràn tí kò kan IBM rárá, Ledyard Tucker tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Psychometrika. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni, tó ń fi ìṣirò wádìí. Àwọn oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú matrix: èèyàn nìyí, ìdánwò nìyí. Wàhálà wọn ni pé ayé kì í dúró sí ìhà méjì. Èèyàn wà, ìdánwò wà, ìgbà tí wọ́n ṣe é náà wà. Tucker ní kí wọ́n tẹ́ àpótí oníhà mẹ́ta yẹn pẹrẹsẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nígbà kọ̀ọ̀kan kí ìhà mìíràn di ìlà, kí wọ́n wá tú matrix kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tú.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́jà. Ìyá mẹ́ta ń tajà: aláta, ẹlẹ́ja, ẹlẹ́pà. Ẹ kọ owó tí wọ́n pa fún ọjọ́ 4, fún ọ̀sẹ̀ 2. Array 2 × 3 × 4 nìyẹn, nọ́ńbà 24, ẹ jẹ́ ká kàn fi 1 dé 24 dípò owó náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní:

1 2 3 4
5 6 7 8
9 10 11 12

Aláta ló wà lókè, ẹlẹ́ja láàárín, ẹlẹ́pà nísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ láti 13 títí dé 24, bákan náà. Tí ẹ bá fẹ́ ìlà kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 2 12⍴A ti parí iṣẹ́. Tí ẹ bá wá fẹ́ ìlà kan fún ìyá kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ìlà 3, nọ́ńbà 8 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹ máa tàn yín kí ẹ kọ 3 8⍴A, APL á sì dáhùn láìjanpata. Àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ máa jẹ́ 1 2 3 4 5 6 7 8. Owó aláta àti owó ẹlẹ́ja ti dà pọ̀! Kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ó yẹ kí ẹ yí i ná, kí ìyá ṣáájú ọ̀sẹ̀: 3 8⍴2 1 3⍉A. Ìgbà yẹn ni ìlà aláta tó máa jẹ́ 1 2 3 4 13 14 15 16, owó tirẹ̀ nìkan. Àmì ⍉ yẹn ni transpose, òun gan-an ni èmi ò kọ.

Ọ̀rọ̀ tí Tucker dá sílẹ̀ yìí ti bí ọmọ bí ọmọ ọmọ. Nígbà tí Tamara Kolda àti Brett Bader ṣe àkójọ iṣẹ́ lórí ẹ̀ nínú SIAM Review ní 2009, wọ́n ní ìwé kan máa ń to òòró rẹ̀ báyìí, ìwé mìíràn á tò ó lọ́nà mìíràn, kò sì séwu níbẹ̀ tí ẹnì kan ò bá ti yí i padà láàárín ìṣirò kan náà.

Ẹ rántí Philip Abrams tó bá Breed ṣiṣẹ́. Ó lọ sí Stanford, ní 1970 ó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé lórí irú ẹ̀rọ tó yẹ APL. Ohun tó ṣàkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń ní kí ẹ̀rọ ṣe sí array kò nílò kí nọ́ńbà kankan kúrò ní ojúlé rẹ̀. Transpose, yíyí i sódì, mímú apá kan níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju kí ẹ yí ìwé ìjúwe rẹ̀ padà lọ: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ojúlé mélòó ni ká fò ká tó dé èyí tó kàn. Lónìí, ohun tí NumPy ń pè ní strides nìyẹn. Reshape inú NumPy, tó bá ti ṣeé ṣe, kì í da nǹkan kan kọ. Mẹ́mọ́rì kan náà ni, ojú tí a fi ń wò ó ló yí padà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá fọwọ́ kan ọ̀kan, ìkejì á yí, tí ọ̀pọ̀ wa á wá máa wá ẹni tó ṣe é.

Iverson fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn Turing ní 1979, ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà dá lórí bí àmì ṣe jẹ́ irinṣẹ́ fún ìrònú. Kò sinmi lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1989, Arthur Whitney lọ kí i ní Kiln Farm, ó sì kọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ èdè tuntun kan sórí ojú ewé kan ṣoṣo lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Roger Hui mú ojú ewé yẹn, ó kà á títí ó fi yé e, látinú ẹ̀ ni òun àti Iverson ti gbé èdè J jáde ní 1990. J kò nílò bọ́ọ̀lù lẹ́tà pàtàkì mọ́, àmì orí kíbọ́ọ̀dù lásán ló ń lò.

Nínú J, ẹ ò ní láti sọ nọ́ńbà kankan tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ array oníhà mẹ́ta di matrix. Ẹ kọ ,/ sí iwájú ọjà wa yẹn, á so ọ̀sẹ̀ méjèèjì pọ̀ di 6 × 4. Ẹ kọ ,. á di 2 × 12. APL2 ti IBM náà ní irú rẹ̀: ,[1 2]A túmọ̀ sí pé kí ìhà kìíní àti ìkejì di ọ̀kan. Lójú tèmi, èyí sàn ju ⍴ lọ fún iṣẹ́ yìí, torí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lẹ sọ, ẹ ò sọ iye tí ẹ retí. Iye lè ṣèèṣì bá ara mu. Tèmi ṣèèṣì bá ara mu fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa kò fi lo J? Ìtàn tó gbé wa dé ibi tí a wà gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Cleve Moler, olùkọ́ ní Yunifásítì New Mexico, kọ MATLAB kí àwọn ọmọ ìwé rẹ̀ lè lo matrix láìkọ Fortran. Àmọ́ Fortran ló fi kọ ọ́, òòró Fortran sì bá a wọlé. Títí di òní, reshape inú MATLAB ń sọ̀kalẹ̀ ná kó tó sún. R ń ṣe bẹ́ẹ̀, Julia ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lápá kejì, èdè C ń gba ìbú bíi APL. Nígbà tí Jim Hugunin kọ Numeric fún Python ní 1995, APL, MATLAB àti Fortran wà lára ohun tí wọ́n wò. Travis Oliphant sọ ọ́ di NumPy, ẹ̀dà 1.0 jáde ní 2006, ó sì bá àwọn méjèèjì làjà bó ṣe mọ̀: ẹ kọ order='C', á gba ìbú; ẹ kọ order='F', á gba òòró. F yẹn, Fortran ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló gbé ohun tí wọ́n pinnu ní 1957 dání. Ó kéré tán, NumPy kì í ṣe ọ̀làwọ́ bíi ⍴: bí iye kò bá dọ́gba, á pariwo. Bó bá dọ́gba, kò mọ nǹkan kan nípa ewé ẹ̀gẹ́.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí a tiẹ̀ ń yọ ara wa lẹ́nu láti sọ gbogbo nǹkan di matrix. Ìdí ni pé ìsọdipúpọ̀ matrix ni iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ dáadáa jù. Láti 1990 tí Jack Dongarra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé BLAS ìpele kẹta jáde, oníkálukú tó ń ṣe ẹ̀rọ ló ń rí i pé iṣẹ́ yẹn ń sáré lórí tirẹ̀. Nígbà tí Yangqing Jia ń kọ Caffe, tó fẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá fọ́tò mọ̀, ó gé fọ́tò sí wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n sínú matrix ńlá kan, ó sì gbé e fún BLAS. im2col ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó ń jẹ mẹ́mọ́rì bí iná, ṣùgbọ́n ó yá. Fọ́tò ewé mi náà, ibi tó ń lọ nìyẹn.

Ìlà kóòdù kan ni mo pààrọ̀. Mo yọ reshape, mo fi transpose(2, 0, 1) sí i. Kí n tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé fọ́tò kan jáde: ewé rèé, tòun ti ààmì àrùn lára rẹ̀, gbogbo ìka ewé pé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èsì ti di èyí tí mo lè gbé lọ sí ìpàdé.

Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé nídìí iṣẹ́, dátà kan ni wọ́n gbé fún òun tí wọ́n fi C kọ, òun wá fi Fortran kà á. Oṣù kan ni wọ́n fi ń wo àwòrán ilẹ̀ tó dojú dé.